Kẹ́hìndé Kì í Béèrè

Bí ẹ bá dúró ní ìta gbangba ní Ìgbó-Ọrà, tí ẹ pe Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́wàá ló máa dáhùn, ẹni kọkànlá á sì bi yín pé èwo lẹ ń pè nínú àwọn tó wà nílé òun. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi jà pé mo kọ orúkọ ọmọ òun sínú ìwé. Kẹ́hìndé ni mo wí, Táyé ni mo wí. Mi ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àwọn oníkámẹ́rà kì í yé wá sí ìlú wa. Wọ́n á ní kí a to àwọn ìbejì sórí ìlà nínú oòrùn, wọ́n á ya fọ́tò títí, wọ́n á wá bi wá pé kí la máa ń jẹ. Ẹni tó bá ní ọbẹ̀ ilasa tí a fi ewé ilá sè ni, wọ́n á kọ ọ́. Ẹni tó bá ní omi kànga ni, wọ́n á kọ ìyẹn náà. Ohun tó bá ṣáà ti bọ́ sẹ́nu oníkálukú ló ń sọ fún wọn, wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa gidigidi. Láti ìgbà tí mo ti ń rí wọn, mi ò tíì rí ọ̀kan kó béèrè pé, ẹ̀yin tí ẹ ń bí wọn ní méjì-méjì yìí, báwo lẹ ṣe ń tọ́ wọn? Ó dáa tí wọn ò béèrè. Ká ní wọ́n bi èmi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, irọ́ ńlá ni ǹ bá pa fún wọn.

Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ìlú yìí ní ìwé, tó fi mọ́ àwọn tó ń wọ agbádá kiri báyìí tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọn ò sunkún lójú mi rí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló bí ìbejì rẹ̀ sí, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Nígbà tó já wọn lẹ́nu ọmú tán, kò rí ẹni tó máa bá a mójú tó wọn, ló bá kó wọn wá bá mi. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá wò wọ́n.

Táyé ti ń rìn kó tó pé ọmọ ọdún kan. Kò tiẹ̀ rìn, sísá ló ń sá. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ kò tètè ké lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣe wàhálà lórí rẹ̀ kó tó mí dáadáa, dókítà sì sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà náà pé iṣan ara ọmọ yìí lè má tètè le, ọ̀rọ̀ sì lè pẹ́ kó tó yọ lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe wí náà ló rí. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì àbọ̀, ibi tí ẹ bá gbé e jókòó sí láàárọ̀ lẹ máa bá a lọ́sàn-án. Kò rìn, kò sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ o, ó ń rẹ́rìn-ín, ó dá gbogbo wa mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò kàn ní nǹkan kan láti bá wa sọ ni.

Agboolé wa ti rí àlàyé ṣe sí i. Wọ́n ní Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí a fẹ́ kó máa sáré kiri bí àbúrò? Wọ́n ní ó ń fara balẹ̀ ni, ẹni iyì ni. Bí mo bá mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ dókítà, wọ́n á bi mí pé kí ni dókítà mọ̀ nípa ìbejì. Èmi tí mo kàwé, èmi tí mo na ọmọ àwọn èèyàn nítorí pé wọ́n sọ ohun tí kò mọ́gbọ́n dání, mo gbọ́ èyí, mo sì ń mi orí. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ó wù mí kí ọmọ-ọmọ mi jẹ́ ẹni iyì ju kó jẹ́ ẹni tí iṣan ara rẹ̀ kò le lọ.

Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe ìbejì níbí. A kì í jẹ́ kí ojú wọn pọ́n. Ohun tí ìbejì bá ti wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yáa gbé e fún un, kó má baà bínú, kó má baà ní òun ò ṣe ayé mọ́. Mùsùlùmí ni o, Kristẹni ni o, oníṣẹ̀ṣe ni o, ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni wọn kì í jiyàn lé lórí. Obìnrin tó ń ti oko Ìdèrè bọ̀ á yà, á já ìrèké sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá se ẹ̀wà á bù ú wá kóun tó jẹ. Kẹ́hìndé wa kò tiẹ̀ ní í wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ ló ń lò. Bó bá fẹ́ omi, á gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀ sí apá ibi tí ìkòkò omi wà. Bó bá fẹ́ ẹja, á gbé e sí apá ọ̀dọ̀ àwo mi. Kí àgbọ̀n tó sọ̀ kalẹ̀, odindi ilé ti figbe ta. Táyé, gbé omi fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Táyé, bá a mú un wá. Táyé, ṣé o ò rí i ni? Ọmọ ọdún méjì àbọ̀ ń sáré sókè sódò, a sì ń yìn ín pé ó gbọ́ràn. Mi ò rò pé wọ́n ń sin ọba kankan ní gbogbo Ìbàràpá tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá arúgbó kan wà nínú agboolé náà, àbúrò bàbá ọkọ mi ni. Ẹnu wa kò fẹ́ra kù. Ní ọjọ́ kan, ó gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé ìdáná, ó gbé Kẹ́hìndé sínú rẹ̀ dé ìbàdí, ó da yanrìn yí i lẹ́sẹ̀ ká, ó ní bí àwọn ṣe ń mú ọmọ dúró láyé àwọn nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo bi í bóyá ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Ó ní kí n lọ máa ka ìwé mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di wàhálà ni ilé-ìwé. Jẹ́lé-ó-sinmi kan wà ní àdúgbò wa, ẹni tó ni ín jẹ́ ọmọ kan tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹrin. Ìwé rẹ̀ nígbà náà, bíi ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀. Òun náà ló wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn tábìlì, tó ń sọ fún mi pé nínú oṣù kẹsàn-án, òun á gba Táyé, òun ò sì ní lè gba Kẹ́hìndé. Ó ní ọmọ tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé ìtọ̀, kó sì lè sọ ohun tó ń fẹ́, nítorí pé olùrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo lòun ní. Mo pòṣé, mo sì jáde.

Nígbà tí mo sọ fún ọmọ mi lórí fóònù, ṣe ló bú sẹ́kún. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù láti ọjọ́ tí òun ti bí wọn nìyẹn. Ó ní Táyé á máa lọ síbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà, Kẹ́hìndé á jókòó sórí ẹní, á máa wo ojú ọ̀nà títí àbúrò rẹ̀ á fi dé, ọdún yìí ni, ọdún tó ń bọ̀ ni, a ò sì mọ ìgbà tó máa dópin. Mo jágbe mọ́ ọn pé kó yé sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ìbínú ni mo fi ń bò ó.

Ọmọ mi kò dúró gbọ́ tèmi. Ó lọ wá ọmọge kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé ní Èrúwà. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú ọmọ tí kò rìn rìn, kó sì mú èyí tí kò fọhùn fọhùn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ lá á máa gun ọ̀kadà wá bá wa. Mo retí abẹ́rẹ́. Mo retí ẹ̀rọ tó ní wáyà. Mo tilẹ̀ ti ránṣẹ́ pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá wòran. Ọmọge náà dé, ó tú báàgì rẹ̀, ló bá kó ìdérí ìgò mineral jáde, àti agolo mílíìkì tó ti ṣófo, àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi àkísà rán, àti wáyà tí wọ́n tẹ̀ ní òbìrí láti fi fẹ́ ọṣẹ. Kò sí èyí tí mi ò ní í gbá dànù nínú wọn bí mo bá rí i nílẹ̀. Mo bi í pé irin iṣẹ́ rẹ̀ dà. Ó ní irin iṣẹ́ òun nìyẹn, eré la máa fi ṣe é. Mo wo àwọn aládùúgbò, àwọn aládùúgbò wò mí. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Àǹtí Eléré lọ́jọ́ náà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí.

Kò tiẹ̀ fọwọ́ kan ọmọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣòkòtò rẹ̀ tó mọ́, ó yí bọ́ọ̀lù sí Táyé, Táyé yí i padà. Ó yí i sí Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé wo bọ́ọ̀lù náà, ó gbé àgbọ̀n sí Táyé, Táyé sì sáré wá bá a yí i. Ọmọge náà rí i. Ó gbójú sókè, ó bi mí pé bí Kẹ́hìndé bá fẹ́ nǹkan, báwo ló ṣe máa ń béèrè?

Mo gbé àyà sókè. "Kẹ́hìndé kì í béèrè," ni mo dá a lóhùn.

Mo wí i bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́lá. Ọmọge yìí mú báírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó kọ ọ́ sí ibi tí wọ́n ń kọ àìsàn sí.

Ó ní kí a mú òun yí ilé ká, ó sì dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó rí ihò. Mo ti ń mú ẹ̀rín mọ́ra, mo ń dúró kó bá mi fi ìyá arúgbó ṣe yẹ̀yẹ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ìyá náà, ó ní ta ló ronú èyí? Ó ní ní ilé ìtọ́jú àwọn, àpótí onígi ni àwọn ń gbé ọmọ dúró sí kí egungun ìbàdí àti ẹsẹ̀ lè le, pé èyí náà dára, kí a ṣáà ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹjú, kí a máà jẹ́ kó pẹ́ jù níbẹ̀, kí a sì máa fi ohun ìṣeré sí etí ihò kó lè máa nawọ́ mú un. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìyá arúgbó. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ẹni tó kọjá lójúde tí kò sọ fún pé àwọn Èrúwà ti wá kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ òun.

Òfin méjì ni ọmọge náà fi sílẹ̀ fún wa. Àkọ́kọ́, kí Táyé máa lọ ṣeré nílé aládùúgbò fún wákàtí kan láràárọ̀, kó má sì ṣe ìránṣẹ́ Kẹ́hìndé mọ́. Ìkejì, kí ẹnikẹ́ni má fún Kẹ́hìndé ní nǹkan kan àfi tó bá béèrè. Kò ní dandan kó jẹ́ ọ̀rọ̀. Kó nawọ́, kó wo ojú èèyàn, kó dún lọ́nàkọnà. Tó bá gbé àgbọ̀n, kí a mú nǹkan náà dání, kí a dákẹ́, kí a ka ení dé ẹ̀wá nínú, kí a fún un láyè. Ó rọrùn lójú, àbí? Ṣe ni agboolé gbóná. Wọ́n ní a fẹ́ fi ebi pa ìbejì. Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì bí tirẹ̀ ló wá ń kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́ ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tí wọ́n ń yọ́ kẹ́lẹ́ fi àkàrà sí Kẹ́hìndé lọ́wọ́, àgbààgbà obìnrin, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá lábẹ́ fèrèsé mi bí olè.

Kí n tó máa bú wọn lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi pa irọ́ fún ọmọge yìí. Tó bá béèrè pé, Màmá, ṣé ẹ ń kà dé ẹ̀wá, mo ní mò ń kà á. Ẹ̀ta ni mò ń kà dé. Nígbà mìíràn mi ò tiẹ̀ ka ení. Mo máa ń sọ fún ara mi pé màá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, pé oòrùn mú jù lónìí, pé ọmọ náà kò sùn dáadáa. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, tó ti na àìmọye ọmọ nítorí irọ́, òun ló jókòó sórí àga tó ń wo ojú ọmọge, tó sì ń purọ́ fún un gbuurugbu.

Ọmọge náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin, ó gbé kọ́ọ̀pù omi kan dání, Kẹ́hìndé kò wò ó rárá, èmi ni ó yíjú sí tó gbé àgbọ̀n sí. Mo ti dìde kí n tó mọ̀. Ó rọra gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, òun fẹ́ bi mí ní nǹkan. Ó ní nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí mo bá bi ọmọ ní ìbéèrè nínú kíláàsì, ṣé èmi náà ni mo máa ń dáhùn fún un?

Inú bí mi. Mo ní nínú kíláàsì mi, bí aago bá fẹ́, kó lù, bí ilẹ̀ bá fẹ́, kó ṣú, ọmọ tí mo bi ní ìbéèrè ló máa dá a lóhùn.

"Màmá," ó wí, "Kẹ́hìndé náà ń dúró kí ẹ bi òun."

Mi ò kí i pé ó dàbọ̀ nígbà tó ń lọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń bá a jà nínú ara mi, mo ń wẹ agbada, mo ń sọ ohun tí ǹ bá sọ fún un. Ìranù ọmọ. Ta ló rán an sí mi? Ní ọjọ́ kẹta, mo gbà pé òótọ́ ló sọ.

Àsìkò máńgòrò ni. Kẹ́hìndé fẹ́ràn máńgòrò ju ohunkóhun lọ. Ní ọjọ́ Ajé, mo rán Táyé lọ sílé aládùúgbò, mo gbé Kẹ́hìndé sínú ihò ìyá arúgbó, mo mú ìjókòó kékeré kan, mo fi máńgòrò kan tó pọ́n dáadáa lé e lórí níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Mo jókòó tì í. Ó gbé àgbọ̀n. Mo ka ení dé ẹ̀wá. Ó tún un gbé. Mo kà dé ogún. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wá Táyé, Táyé kò sí níbẹ̀. Ni ẹkún bá bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ti ibi ẹ̀rọ gàrí bọ̀ gbọ́ ẹkún náà, ó wọlé tòun ti ẹrù lórí, ó na ọwọ́ sí máńgòrò. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìkà ni mí. Mo ní ó ti mọ̀ báyìí, kó máa lọ. Nígbà tó jáde, èmi náà ti ń sunkún, mi ò sì mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Mo ń wí nínú mi pé bí ọmọ yìí bá kú, ó ti tán fún mi nílùú yìí. Kẹ́hìndé dákẹ́. Ó wo máńgòrò. Lẹ́yìn náà ló gbójú kúrò lára máńgòrò, tó wo ojú mi tààrà, tó la ọwọ́ méjèèjì sí mi, tí ohùn kan sì jáde láti ikùn rẹ̀. "Mọ̀ọ́," bẹ́ẹ̀ ló dún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan tí mo mọ̀. Mo fún un ní máńgòrò náà, mo lọ mú èyí tí mo fi pamọ́ fún ara mi, mo fún un ní ìyẹn pẹ̀lú. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé ọmọ rẹ̀ pe máńgòrò ketekete. Irọ́ náà kò jọ mí lójú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe é bí ó ṣe yẹ. Mo di ẹni tí ń fẹ́ ọṣẹ nínú wáyà lójúde, ní ọdún méjìdínláàádọ́rin. Mo ń da ìdérí ìgò sínú agolo, mo ń dà á jáde, mo ń dúró kí Kẹ́hìndé fi ọwọ́ sọ fún mi pé kí n tún un dà. Káfíńtà kan kan kẹ̀kẹ́ onígi fún un, mo kó òkúta sínú rẹ̀ kó má baà sáré jù, ó sì ń tì í láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi. Nígbà tí òjò oṣù keje dá, ó ti ń di ògiri mú rìn. Ní ìparí oṣù kẹjọ, ó ti lè gbé ẹsẹ̀ márùn-ún láìdi nǹkan mú kó tó jókòó, ọ̀rọ̀ mẹ́fà sì ti wà lẹ́nu rẹ̀: omi, jó, ó tì, wá, ẹja, àti "ú-mi" tó ń pè fún "fún mi". Obìnrin tó pè mí ní ìkà sọ fún gbogbo àdúgbò pé àdúrà òun ló ṣiṣẹ́. Ìyá arúgbó ní ihò òun ni. Mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n pín in láàárín ara wọn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà àti ẹsẹ̀ márùn-ún. Ọmọge náà sọ fún mi ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìwọlé pé ó lè má tíì tó fún ilé-ìwé. Ó ní bí Táyé bá lọ ṣáájú, kò burú, ó tiẹ̀ lè ṣe àwọn méjèèjì láǹfààní, pé Táyé náà ọmọdé ni, kì í ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ilé mi. Mo ti rán aṣọ ilé-ìwé méjì.

Ní ọjọ́ ìwọlé, mo wọ aṣọ fún àwọn méjèèjì, mo pọn Kẹ́hìndé dé ẹnu géètì, mo sọ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n lè rí i tó ń rìn. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó sì jókòó sínú yanrìn. Ọ̀gá wọn, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, jáde wá bá wa, ó mú bisikíìtì dání, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Kẹ́hìndé, ó ní kí lo fẹ́? Táyé ti lanu. Mo fi ojú pa á lẹ́nu mọ́. Mo ka ení dé ẹ̀wá. Mo kà á dé ọgbọ̀n, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí èyí tó yọ. Kẹ́hìndé gbé àgbọ̀n sókè.

Ọ̀gá náà dìde. Ó ní kí n má bínú sí òun, Táyé lè wọ kíláàsì lónìí, kí Kẹ́hìndé ṣì máa ṣe eré rẹ̀ nílé, kí a tún wò ó nínú oṣù kìíní. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Mo ní kò sí ẹni tí yóò ya ìbejì níṣojú mi. Mo ní nígbà tó wà lábẹ́ mi, kò mọ ìwé kọ, ó wá dàgbà tán, kò tún mọ èèyàn wò. Mo ká fọ́ọ̀mù ìwọlé àwọn méjèèjì tó wà lọ́wọ́ mi pọ̀, mo jù ú sórí bẹ́ǹṣì, mo pe Táyé pé kó wá, à ń lọ sílé.

Táyé ti dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń fì lórí àga tí wọ́n fi okùn so mọ́ igi. Ó gbọ́ ohùn mi, ó sì padà, bó ṣe máa ń ṣe. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ sínú yanrìn nínú aṣọ tuntun, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá Kẹ́hìndé láti gbé e dìde. Kẹ́hìndé wò ó. Ó wo omi ojú rẹ̀, ó wo àwọn ọmọ tó ń fì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé àbúrò rẹ̀ láyà, ó sì tì í. Táyé tún dì í mú. Ó tún tì í.

"Táyé," ó wí. Kò pe orúkọ náà rí láyé rẹ̀. Kí ló fẹ́ pè é sí, nígbà tí a kì í jẹ́ kí Táyé jìnnà sí i ju wákàtí kan lọ? Ó mí, ó yí ẹnu, ó sì wá ọ̀rọ̀ tó kù rí. "Táyé. Lọ."

Táyé wo ojú mi. Ọ̀gá wọn sún mọ́ wa, ó ní òun ò gbọ́ dáadáa, kí ni Kẹ́hìndé wí?

"Ṣé etí rẹ di ni?" ni mo wí. "Ẹ̀gbọ́n ló ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbé fọ́ọ̀mù yẹn wá, kí n fọwọ́ sí ti Táyé."